Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Ṣubú, Ta Ni Yóò Sọ Òótọ́?

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ ní ìpàdé àwọn ará ní Èjìgbò)

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kò rọrùn fún mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi sá fún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìyá kan láàárín wa, opó tó ń ta gaàrí, wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní wíwa bàálù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Abidjan ló fẹ́ san owó rẹ̀. Mo rò pé ọpẹ́ ni ìyá náà bá wá. Kì í ṣe ọpẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní:

"Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà kí ọkàn ọmọ yìí kúrò nídìí bàálù. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ já ní Kàdúná, ó pa ènìyàn méjì. Bàálù mìíràn já sójú títì ní Ìkẹjà. Àní orúkọ ìlú wa yìí gan-an, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ ní Èkó, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, 'Ṣé Èjìgbò tí bàálù àwọn sójà já sí?' Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́ nílé."

Mo gbé e dìde. Mo sọ fún un pé Èjìgbò ti Èkó ni bàálù yẹn já sí, kì í ṣe tiwa. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992 ni. Bàálù ńlá àwọn ológun ni, ó lé ní àádọ́jọ ọ̀gágun tó bá a lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní Jaji. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa bá mi wá gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀, a jọ jókòó tì í lálaalẹ́. Ohun tí a rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ohun tó ṣí payá nínú ayé èmi fúnra mi.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Òótọ́ ni ìyá náà sọ nípa Kàdúná. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Super Mushshak já lulẹ̀ níbẹ̀. Ti àwọn ológun òfuurufú Nàìjíríà ni. Ilẹ̀ Pakistan ni wọ́n ti ń ṣe irú bàálù yìí. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, ènìyàn méjì sì máa ń jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí a ṣe ń jókòó nínú moto. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a fi kọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bá jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọmọ ẹnì kan ni wọ́n. Àwọn kan ti fi ojú sọ́nà fún wọn nílé.

Ti Ìkẹjà náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Jabiru já sí òpópónà Oba Akran lọ́sàn-án, ó sì gbiná. Àánú Ọlọ́run ni pé wọ́n yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ láàyè.

Kí ni ó máa ń fà á tí bàálù ìkọ́ṣẹ́ fi ń já? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí gbogbo olùkọ́ bàálù ní ayé ń bẹ̀rù, mo sì fẹ́ kí ó yé ọ, ìwọ olùkàwé mi, nítorí òwe ńlá wà nínú rẹ̀.

Bí o bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí o tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ síta lójú fèrèsé, tí o gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò gbé ọwọ́ rẹ sókè. Bí o bá gbé e sókè jù, afẹ́fẹ́ kò ní gbé e mọ́, yóò taari rẹ̀ sẹ́yìn ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni apá bàálù. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń gbé bàálù dúró lókè, afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn kọjá lára apá rẹ̀ ni. Bí awakọ̀ bá gbé imú bàálù sókè jù, afẹ́fẹ́ yóò kọ̀ láti ṣàn lórí apá náà, apá yóò jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀, bàálù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀. Ẹ́ńjìnnì lè máa dún dáadáa kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ìṣòro wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bó bá rí i pé ilẹ̀ ń sún mọ́ òun, ọwọ́ rẹ̀ yóò fa ọ̀pá ìdarí sí àyà. Ẹ̀rù ló ń fà á. Ó rò pé bí òun bá fà á, bàálù yóò gòkè. Fífà yẹn gan-an ló ń pa á. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó ti ọ̀pá náà síwájú, kó jẹ́ kí imú bàálù wálẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tún gbá apá mú. Bí wọ́n bá wà lókè réré, àyè wà láti ṣe é, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè réré ni wọ́n ti ń fi kọ́ni. Bí wọ́n bá sún mọ́ ilẹ̀, kò sí àyè.

Nítorí náà, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Olùkọ́ ní ọ̀pá ìdarí tirẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì lè gba bàálù nígbàkúgbà. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọn kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gbà á, yóò sọ ọ́ sókè pé, "Ọwọ́ mi ló wà báyìí." Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn pé, "Ọwọ́ yín ló wà," yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bàálù ti já rí nítorí pé olójú kan rò pé èkejì ló mú un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mú un.

A tún rí i pé nínú ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí, nǹkan bí 40 wákàtí lókè ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lò kó tó gba ìwé àkọ́kọ́, èyí tí kò tí ì fún un láṣẹ láti fi bàálù ṣòwò. Fún ti òwò, 200 wákàtí ni, tàbí 150 bó bá gba ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, orí mi wú. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

ÌTÀN SÍPÁNÀ KAN

Obìnrin dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Bessie Coleman ni orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ bàálù, ṣùgbọ́n nítorí pé ó dúdú, tó sì tún jẹ́ obìnrin, kò sí ilé ẹ̀kọ́ bàálù kan ní Amẹ́ríkà tó gbà á. Kí ló ṣe? Ó lọ kọ́ èdè Faransé, ó wọkọ̀ ojú omi, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin ará Èjìgbò, èyí kò lè ṣe àjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò ní ará tó kọ́ èdè Faransé ní Côte d'Ivoire nítorí àti jẹun? Bessie kọ́ ọ nítorí àti fò. Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, ó fojú ara rẹ̀ rí i tí bàálù pa akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1921.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1926, ní ìlú Jacksonville, òun àti mẹkáníìkì rẹ̀ gbé bàálù àlòkù kan gòkè láti múra sílẹ̀ fún eré tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì. Mẹkáníìkì ló ń wà á. Bessie kò so bẹ́líìtì, nítorí ó fẹ́ yọjú wo ilẹ̀ dáadáa. Lójijì bàálù dorí kodò, Bessie já bọ́ síta, ó kú. Mẹkáníìkì náà kú pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n yẹ àwókù bàálù náà wò, wọ́n rí sípánà kan tó há sáàárín irin tí wọ́n fi ń darí rẹ̀.

Sípánà kan, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè, kì í ṣe pé obìnrin ṣe ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, bí àwọn kan ì bá ti sọ. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbàgbé síbi tí kò yẹ ni.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka èyí fún mi, mo ní kó dúró. Mo jáde síta, mo lọ dúró nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ sípánà yẹn ti mú mi rántí bíréèkì.

BÍRÉÈKÌ TÈMI

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé awakọ̀ típà ni mí kí n tó di àgbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọmọ dáadáa ni. Òun ló ń fọ ọkọ̀, òun ló ń bu omi sí i, òun ló ń fi òkúta há táyà. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Bíréèkì rẹ̀ kò dára. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní mú. Ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ló tó máa mú. Mo ti sọ fún olówó ọkọ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀ di lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Mo gbà, nítorí pé ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ṣófo, a ń bọ̀ láti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n wà á díẹ̀." Mo ti ń bá a dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fún un ní sítíárì, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tí kò ti sí bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kọ́ ọ ní jíà, mo kọ́ ọ ní kulọ́ọ̀ṣì. N kò sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń tẹ bíréèkì náà. Mo gbàgbé. Ohun tó ti mọ́ ènìyàn lára, kì í rántí sọ ọ́.

Ewúrẹ́ já sọ́nà. Ọmọ náà tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kò mú. Ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, ó dojú dé. Èmi fi apá kíkán jáde. Ní ti ọmọ náà, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kúrò ní orúnkún.

Bó bá parí síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní ojú lásán kọ́. Wọ́n ní ìyàwó àgbà bàbá ọmọ náà, ìyá arúgbó kan tí kò bímọ, ló fi ẹsẹ̀ ọmọ jẹ. Wọ́n ní ó ti bá ìyá ọmọ náà jà ní ìdí omi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n wá bi mí pé, "Báwo ló ṣe rí?" Mo sì dáhùn pé, "Kò yé mi o. Ọkọ̀ kàn kọ̀ láti dúró ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: kò yé mi. Irọ́ ni. Ó yé mi. Wọ́n kó ẹrù arúgbó náà síta lójú mi. Wọ́n lé e lọ sí abúlé oko kan, níbẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 2003. N kò lọ wò ó rí. Nínú ìjọ, mo ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run yọ mí nínú jàǹbá, àwọn ará sì ń ké Hàlẹ̀lúyà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbà gbọ́ pé àjẹ́ ilé bàbá òun ló gé òun lẹ́sẹ̀. Olówó ọkọ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó gbé e fún awakọ̀ mìíràn.

OHUN TÍ ÀWỌN ALÁBÀÁLÙ Ń ṢE

Ẹ wá wo bí àwọn alábàálù ṣe ń ṣe tiwọn. Láti ọdún 1951 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ti fi ìlànà kan lélẹ̀ nípa ìwádìí jàǹbá. Ìlànà náà sọ pé ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ni kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Kì í ṣe láti wá ẹni tí a ó dẹ́bi fún. Bí ẹnì kan bá dá ọ̀ràn, ilé ẹjọ́ wà fún ìyẹn lọ́tọ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí sílẹ̀. Láàárín ọdún kan, bó bá ṣeé ṣe, ó yẹ kí ìwádìí ti parí, kí aráyé sì lè kà á.

Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba kan wà fún iṣẹ́ yìí, NSIB ni wọ́n ń pè é. Bàálù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó ń jẹ́ AIB. Òfin ọdún 2022 fi ọkọ̀ ojú irin àti ti ojú omi kún un. Nínú irú ìwé tí wọ́n ń gbé jáde, wọ́n ń kọ iye wákàtí tí awakọ̀ ti lò lókè, ìgbà tí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe gbẹ̀yìn, bí epo ṣe rí, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ kẹ́yìn. Mo kà á títí, n kò rí i níbì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìyàwó àgbà ló ṣe é.

Òótọ́ tí wọ́n sọ yìí sì ń gba ẹ̀mí là. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù èrò kan já nítòsí ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà. Àwọn 49 tó wà nínú rẹ̀ àti ẹnì kan tó wà nínú ilé rẹ̀ lórí ilẹ̀ ló kú. Ìwádìí fi hàn pé nígbà tí apá bàálù ń jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀, ọ̀gá awakọ̀ fa ọ̀pá ìdarí sí àyà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń ṣe. Wọ́n tún rí i pé ó ti kùnà nínú àwọn ìdánwò kan rí. Àwọn mọ̀lẹ́bí àwọn tó kú kò jókòó sílé máa sunkún lásán. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ń lọ sí olú ìlú léraléra, wọ́n ń gbé àwòrán àwọn òkú wọn dání, títí òfin tuntun fi jáde ní ọdún 2010 lórí bí a ó ṣe máa kọ́ awakọ̀ àti bí a ó ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 1,500 wákàtí kí ọ̀pọ̀ jù lọ awakọ̀ tó lè jókòó níwájú bàálù èrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń délé láyọ̀ lónìí nítorí omijé àwọn ará Buffalo.

Ṣùgbọ́n, ará, ìwọ lè sọ pé, "Onígbàgbọ́ ni wá. Ọlọ́run ló mọ ìdí ohun gbogbo." Mo gbà. Ṣùgbọ́n ka Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa ènìyàn méjìdínlógún. Olúwa wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Tún ka Ẹ́kísódù orí 21, níbi tí òfin ti sọ̀rọ̀ màlúù tó ń kan ènìyàn. Bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún olówó màlúù tẹ́lẹ̀, tí kò so ó mọ́lẹ̀, tí màlúù náà sì pa ènìyàn, ọrùn olówó rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà. Bíréèkì tí a ti mọ̀ pé kò mú, màlúù akànnìyàn ni. Olówó ọkọ̀ mọ̀. Èmi náà mọ̀.

OHUN TÍ MO ṢE, ÀTI OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Mo lọ bá ọmọ náà. Kì í ṣe ọmọ mọ́, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bíréèkì dé orí irọ́ mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ti lọ, kò ṣòro láti dárí jì yín lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ńkọ́? Ọwọ́ mi ni wọ́n fi gbé oúnjẹ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré." N kò rí èsì fún un. N kò tí ì rí i títí di òní. A jọ lọ sí abúlé náà, a ro ojú oórì rẹ̀, mo sì sọ òótọ́ náà níwájú àwọn ẹbí. Àwọn kan bínú sí mi gidigidi. Ó tọ́ sí mi.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ará Èjìgbò, Másífà, Ìláwó, Ọlá, Ìsúndunrín àti gbogbo agbègbè wa.

Èkínní: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ mọ ẹni tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọ̀kadà, ìbáà jẹ́ típà, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gaàrí, ìbáà jẹ́ ayùn tí wọ́n fi ń la pákó, ẹ má ṣe gbé e fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tó o bí ó bá ṣì í. Kí ẹ sì tó gbé e fún un, ẹ sọ gbogbo àléébù ẹ̀rọ náà fún un. Èyí tó ti mọ́ yín lára ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ẹrú, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Èkejì: Ẹ jẹ́ kí àwùjọ wa yìí ní ìwé kan. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ kan ní agbègbè wa, kí àwọn ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe rí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí a sì kà á sókè fún àwọn oníṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá sọ òótọ́, kí a má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ń na ẹni tó jẹ́wọ́, ẹlòmíràn yóò kọ́ irọ́. Bí jàǹbá náà bá sì jẹ́ èyí tí òfin ní láti dá sí, ẹ má jẹ́ kí a bò ó mọ́ ìjọba lójú.

Ẹ̀kẹta: Nígbà mìíràn tí ọmọ kan bá ṣubú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí arúgbó kan nínú agbo ilé, kí ìwọ onígbàgbọ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè pé, "Bíréèkì ńkọ́?" Bí o bá dákẹ́, o ti bá wọn kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ìyá náà padà wá nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Mo ní, "Màmá, n kò ní lè gbàdúrà tí ẹ ní kí n gbà. Ṣùgbọ́n màá bá yín lọ." Èmi, òun àti ọmọbìnrin náà wọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó san owó kankan. A béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ àtúnṣe bàálù kọ̀ọ̀kan sí. A béèrè iye wákàtí tí olùkọ́ tí yóò mú ọmọ náà ti lò lókè. A béèrè ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé bàálù kan kò ní gbéra lónìí, àti bóyá wọ́n á bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ pé ara òun kò yá. Ọ̀gá tó dá wa lóhùn kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní òun ì bá fẹ́ kí gbogbo òbí máa béèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, ìyá náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bí olùkọ́ bá ní ọwọ́ òun ló wà, kí o jọ̀wọ́ ẹ̀ o. Ṣé o gbọ́?" Ọmọ náà ní, "Mo gbọ́, mà."

Ìwọ tí o ka èyí tán, ronú sí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Bóyá bíréèkì kan wà tí o kò tí ì sọ fún un. Lọ sọ ọ́ lónìí. Kí Ọlọ́run òtítọ́ ràn wá lọ́wọ́, kó tu àwọn tí ọmọ wọn kò padà wálé nínú, kó sì pa àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́, ní ilẹ̀ àti lókè. Àmín.